Èémí Ẹ̀bùn àti Aṣọ Ọjọ́ Ìsinmi

Ẹ̀yin ará, kí n tó sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fa èémí kan sínú. Ẹ tú u jáde. Ṣé ẹ rí i bó ṣe rọrùn? Kò sí ẹni tó ronú sí i nínú wa kó tó ṣe é. Ohun tí mo wá dúpẹ́ lé lórí lónìí nìyẹn. Ọlọ́run tó fún ọmọ mi ní irú èémí yẹn, ọpẹ́ mi rèé, gbogbo rẹ̀ ni mo kó wá, mi ò fi ìkankan sílẹ̀ sílé.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àlejò, èmi ni Ìyá Ẹ̀bùn. Agric níbí, ní Ikorodu, ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, Island la ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ Ìkirè ni mí, ọkọ mi ni ọmọ Ejinrin, lọ́nà Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀bùn ni ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Òun ló dúró síwájú láàárín àwọn ọmọ tó kọrin lẹ́ẹ̀kan, tí ohùn rẹ̀ ń gun orí ohùn àwọn yòókù.

Ikọ́ fée ló ń yọ ọmọ yìí lẹ́nu, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní ásímà. Láti kékeré ni. Tó bá dé, àyà rẹ̀ á máa súfèé, èjìká rẹ̀ á máa lọ sókè sódò, á wá tẹjú mọ́ mi pé kí n ṣe nǹkan kan. Kò sí ohun tó le fún ìyá tó ìwò yẹn. Dókítà fún wa ní ínhélà tí wọ́n ń fín sí i lẹ́nu, ó sì máa ń ràn án lọ́wọ́. Láti Mọ́ńdè dé Sátidé, ó ṣeé fara dà. Ọjọ́ Ìsinmi ni wàhálà.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. A á wẹ̀, a á múra, Ẹ̀bùn á wọ gáùn léèsì rẹ̀, á ti máa kọ orin tó fẹ́ wá kọ. Kí a tó dé ẹnu géètì ẹ́sítéètì wa, ikọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kí a tó dé ibí, àyà ti ń súfèé. Orin tí ọmọ ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ kọ́, ẹ̀yìn ilé ìjọsìn níbẹ̀ yẹn la ó ti jókòó gbọ́ ọ, èmi àti òun, pẹ̀lú ínhélà lọ́wọ́.

Ẹ̀yin alàgbà bá wa gbàdúrà, Ọlọ́run á san án fún yín. A gbààwẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wò ó á sọ pé ogun ni, torí kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ tí ọmọ ń lọ sílé Ọlọ́run gan-an ni kì í lè mí? Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá kan tilẹ̀ rọra mú ọmọ tirẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀bùn lọ́jọ́ kan. Mi ò bá a bínú, ẹ̀rù ló bà á. Ṣùgbọ́n Ẹ̀bùn rí i. Nígbà tí a délé, ó bi mí bóyá Ọlọ́run ò fẹ́ràn orin òun ni. Ẹ̀yin ará, balùwẹ̀ ni mo wọ̀ lọ, mo sunkún.

Ẹ sì mọ̀ wá, ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ pé ọmọ ń wúkọ́, dókítà ni. Ẹnì kan gbé orógbó wá. Ẹnì kan gbé epo tí wọ́n fi nǹkan dúdú pò wá. Obìnrin kan tó ń ta àgbo ní Garage fi ìgò kan ránṣẹ́ tí òórùn rẹ̀ lé ológbò wa jáde nílé. Ọkọ mi to gbogbo rẹ̀ sórí fìríìjì, ó ní ohun tí dókítà ò bá mọ̀ sí kò ní wọ ẹnu ọmọ òun. Ó ní tó bá jẹ́ ti oúnjẹ, ẹnì kan ṣoṣo lòun gbẹ́kẹ̀ lé, ìyá òun.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, mo mọ ohun tí ẹ ń rò. Mo rò ó náà. Ìyá ọkọ ṣáà ni ìyá ọkọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, mo di ẹrù Ẹ̀bùn, a wọ mọ́tò ní Garage, ó di Ejinrin.

Màámi, bí a ṣe ń pè wọ́n, ewébẹ̀ ni wọ́n ń gbìn lẹ́bàá ọ̀sà. Mo rò pé ewé ni wọ́n máa kọ́kọ́ já. Wọn ò já ewé kankan. Wọ́n ní kí n jókòó, kí n sọ gbogbo ohun tí Ẹ̀bùn ń jẹ láti àárọ̀ dé alẹ́. Mo ń kà á, wọ́n ń gbọ́: bisikíìtì, núdùsì, júùsì aláwọ̀ pupa, áísìkiriìmù, omi inú fìríìjì. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n kàn ní, “Ìyàwó mi, ọmọ yìí ò tíì jẹun. Ìpápánu ló ń jẹ.”

Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ínhélà. Wọ́n ní kí n kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń lò ó, wọ́n tún ní kí n ṣe é kí àwọn rí i dáadáa sí i. Wọ́n wá sọ ọ́ mọ́ ìṣẹ́tí ìró wọn, níbi tí àwọn ìyá wa máa ń sọ owó mọ́. Ibẹ̀ ló ń gbé, ìbáà ṣe nínú oko, ìbáà ṣe létí omi. Wọ́n kó ààrò igi wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé lọ sí ọ̀kánkán, kí èéfín má baà kan ọmọ. Àgbàlagbà obìnrin ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí òkúta ààrò o, kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹja tí wọ́n bá gbé jáde látinú ọkọ̀ ojú omi láàárọ̀ ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀ fún Ẹ̀bùn, pẹ̀lú gbúre àti tẹ̀tẹ̀. Ìbẹ́pẹ, ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ di ìpápánu rẹ̀. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló ń mu. Láàárọ̀, wọ́n á gún ata ilẹ̀ díẹ̀ sínú omi gbígbóná, wọ́n á fi oyin sí i. A ti béèrè lọ́wọ́ dókítà kí a tó bẹ̀rẹ̀, ó ní kò burú, kí a ṣáà má fi rọ́pò oògùn.

Mo fi Ẹ̀bùn sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ náà gbádùn. Tí mo bá pè é lórí fóònù, eré ló ń sá lọ́wọ́, á ní kí n dúró ná. Mo ní Ọjọ́ Ìsinmi ńkọ́? Ó ní òun àti Màámi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun kọrin, òun ò wúkọ́. Nígbà tí Ọjọ́ Ìsinmi mìíràn tún kọjá, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Mo kígbe halelúyà nínú ọ́fíìsì, ọ̀gá mi yọjú.

Òkìkí bá kàn. Mo sọ fún àwọn ará ẹ́sítéètì, wọ́n sọ fún ẹlòmíràn, gbogbo ìyá tí ọmọ rẹ̀ ní ikọ́ fée ń béèrè omi ata ilẹ̀ Ejinrin. Ẹnì kan tilẹ̀ ní kí Màámi máa rọ ọ́ sínú ìgò, kí òun máa bá wọn tà á ní Garage. Èmi náà ti ń múra ẹ̀rí sílẹ̀, pé omi ata ilẹ̀ ìyá ọkọ mi ti lé ikọ́ fée lọ pátápátá. Ẹ dúpẹ́ pé mi ò tíì jẹ́ ẹ.

Nígbà tí ìsinmi ń parí lọ, ìjọ Màámi fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ìkórè, èmi àti ọkọ mi sì lọ bá wọn. Àǹkárá ni Màámi ti rán fún Ẹ̀bùn tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní ọjọ́ ìdúpẹ́ kọ́ ni ọjọ́ àǹkárá, mo gbé gáùn léèsì rẹ̀ jáde nínú àpótí, mo gbé e dání. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo wọ̀ ọ́ sí i lọ́rùn. Kí n tó so okùn ẹ̀yìn rẹ̀ tán, mo gbọ́ ọ. Àyà ọmọ ti ń súfèé.

Mo ní ogun ti tọ̀ wá wá láti Ikorodu. Mo ń dè, mo ń tú, mo ń pàṣẹ. Màámi ti tú ìṣẹ́tí ìró. Wọ́n mú ọmọ jókòó, wọ́n ní kó na ẹ̀yìn, wọ́n fín ínhélà sí i bí mo ṣe kọ́ wọn gẹ́lẹ́. Wọ́n wá bọ́ gáùn kúrò lọ́rùn rẹ̀ kí ara rẹ̀ lè gba afẹ́fẹ́. Bí wọ́n ṣe bọ́ ọ, wọ́n dúró. Wọ́n gbé e símú. Wọ́n tún gbé e símú.

“Kí lo fi sí aṣọ yìí?”

Mo ní káńfọ̀ ni, mà. Ẹ̀yin ará, ta ni kì í fi káńfọ̀ sí àpótí aṣọ nínú wa níbí? Àwọn róbótó funfun yẹn, kí kòkòrò má baà jẹ léèsì. Ìyá mi ló kọ́ mi, ìyá tiwọn ló kọ́ àwọn náà. Aṣọ ilé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn la fi kọ́. Aṣọ ilé ìwé wà lórí okùn. Aṣọ Ọjọ́ Ìsinmi nìkan là ń tọ́jú bí ẹyin, tí à ń kó káńfọ̀ tì.

Mo tún fẹ́ padà sídìí àdúrà mi. Màámi ní, “Ìyàwó mi, máa gbàdúrà, mò ń ṣe àmín. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ gbé aṣọ yìí síta ná.” Ìjẹ̀bú ni wọ́n fi sọ ọ́, èmi ọmọ Ìkirè ò lè sọ ọ́ bó ṣe dùn.

Mo gbé e síta. Mo bọ́ tèmi náà, torí àpótí kan náà la ti mú wọn. Èémí Ẹ̀bùn ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. A ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, ọkọ mi fi mọ́tò gbé wa lọ sí ọsibítù kan ní Ẹ̀pẹ́. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wa. Ó ní òórùn líle máa ń ru ásímà sókè lára ọ̀pọ̀ ọmọ, ìbáà ṣe káńfọ̀, ìbáà ṣe lọ́fínńdà. Ó ní oúnjẹ Màámi dára, ó ń fún ara lókun, kí a má fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n oúnjẹ wo ló fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ òórùn tí à ń wọ̀ sí i lọ́rùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Àwọn àgbà ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Tiwa ò tilẹ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀, inú gáùn ló wà.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti gba ti obìnrin yìí ṣì ń bọ̀. Nígbà tí a padà dé Ejinrin, ìyá méjì ti wá jókòó dè wọ́n nítorí omi ata ilẹ̀. Ọ̀kan ní òun ti gba ínhélà lọ́wọ́ ọmọ òun, torí òun gbọ́ pé omi Màámi ti tó. Màámi ì bá dákẹ́. Òkìkí dùn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Wọ́n ní, “Ata ilẹ̀ mi kọ́ ló lé ikọ́. Ó kàn ń tu ọ̀fun lára ni. Aṣọ tó ní káńfọ̀ ni ọmọ mi ò wọ̀ níbí. Ìwọ, dìde, lọ fún ọmọ rẹ ní ínhélà rẹ̀, lẹ́yìn náà kí o padà wá gba ata ilẹ̀.” Obìnrin náà dìde lójú ẹsẹ̀. Mo wo Màámi, ìfẹ́ wọn kún inú mi. Èmi tí mo ti ń fi orúkọ wọn pariwo ní Ikorodu, àwọn fúnra wọn ló dá òkìkí náà dúró nítorí ọmọ ọlọ́mọ.

Bí a ṣe délé, a kó káńfọ̀ dànù, a fọ gbogbo aṣọ, a sá wọn sóòrùn títí òórùn yẹn fi kúrò pátápátá. Aṣọ kúáyà àwọn ọmọ náà ńkọ́, tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú káńfọ̀ tirẹ̀? Ìyá tó mú ọmọ rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀bùn nígbà yẹn, òun ló kọ́kọ́ ká apá aṣọ sókè láti bá wa fọ̀ ọ́. Ọlọ́run á bù kún un.

Mi ò ní purọ́ nílé Ọlọ́run. Ikọ́ fée kò tíì kúrò lára Ẹ̀bùn. Ínhélà kan wà nínú báàgì mi báyìí, a ṣì ń lọ rí dókítà, gbúre àti ẹja ṣì ń ti Ejinrin wá. Ṣùgbọ́n Ọjọ́ Ìsinmi ti padà di tirẹ̀. Ẹ fi etí ara yín gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹnì kan lè ní, ṣé àdúrà wa wá já sí asán ni? Rárá o. A bẹ Ọlọ́run kó fi ọ̀tá ọmọ yìí hàn wá. Ó fi hàn. Àwa la rò pé orúkọ ènìyàn ló máa jẹ́.

Màámi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbẹ̀ yẹn, àwọn tó ń forí pamọ́ yẹn. Ẹ wo ìṣẹ́tí ìró wọn. Kókó ṣì wà níbẹ̀, ínhélà kejì ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀bùn, dìde, ọmọ mi, bá wa dá orin tí o fẹ́ kọ nígbà yẹn. Ẹ̀yin ará, kí ẹ tó gbè é, ẹ tún bá mi fa èémí yín sínú dáadáa. Ẹ má fi ìkankan pamọ́ nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ fi yin Ọlọ́run.