Ìrì Òwúrọ̀ àti Aṣọ Akọrin Àbúrò Mi

Ìgbà tí eyín mi ṣì pé lẹ́nu, tí mo lè fẹsẹ̀ rìn láti Yábà dé Sùúrùlérè láì jókòó sinmi, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi àwo orin Ìrì Òwúrọ̀ sẹ́rọ níbi tí mo bá wà. Màá ní kó pa á. Bí kò bá pa á, èmi fúnra mi á dìde lọ pa á. Ẹ̀yin tí ẹ wá ń bi mí pé kí ló dé tí ìyá àgbà kì í gbọ́ orin míì lọ́sàn-án Sọ́ńdè ju ti ẹgbẹ́ onígìtá kan ṣoṣo yìí… ẹ jókòó. Tọ́pẹ́, gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Ìtàn náà ò dùn o. Mo ti sọ fún yín.

Ìrì Òwúrọ̀ lorúkọ ẹgbẹ́ náà. Ẹ̀yin ò lè mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, kò sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Múṣín tí ẹ ò ti ní gbọ́ orin wọn. Ọmọ tí kò tíì mọ A, B, D ti mọ orin wọn. Èmi ńkọ́? Háà! Èmi ọmọ ọ̀gá akọrin! Bàbá wa ni wọ́n ń darí kúáyà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn náà ni wọ́n ń tẹ dùrù. Nílé wa, a kì í sọ pé orin dùn. A máa ń sọ pé ó bá nóòtì mu. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ àwọn onígìtá yìí, mo ní, "Ìrì Òwúrọ̀? Ìrì kì í pẹ́ gbẹ. Ẹ jẹ́ kí oòrùn yọ ná." Gbogbo àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé mo gbọ́n.

Àbúrò kan ṣoṣo ni mo ní, Dàpọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá wa kú. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo ń fún un lóúnjẹ, èmi náà ni mo kọ́ ọ ní dò-rè-mí. Ohùn tẹ́nọ̀ ló ní… ẹ gbọ́, mo ti gbọ́ tẹ́nọ̀ láyé mi. Àwọn tẹ́nọ̀ ìsinsìnyí, ariwo ni wọ́n ń pa. Dàpọ̀ kì í pariwo. Bó bá ń kọrin, àfi bíi pé ó jókòó tì yín, ó ń bá yín sọ̀rọ̀. Nígbà tó dàgbà, ọwọ́ mi yìí ni mo fi rán aṣọ akọrin rẹ̀, dúdú nísàlẹ̀, funfun lókè, plíìtì mẹ́jọ lọ́rùn. Bó bá wọ̀ ọ́, orí mi á wú.

Lọ́jọ́ kan, mo lọ ra ẹfun tí a fi ń kọ pátákó ní Tejúoṣó. Ọkùnrin kan tó ń ta àwo orin gbé ẹ̀rọ síta, ó ń ké tantan. Mo fẹ́ kọjá, mo gbọ́ ohùn kan. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mọ́. Mo ní, "Ta ló ń kọ tẹ́nọ̀ yẹn?" Ó ní, "Ìrì Òwúrọ̀ ni, mà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni." Kò tiẹ̀ yẹ kí n bèèrè. Ibi tí mo kọ́ ọmọ náà pé kó ti máa mí kó tó gun ohùn òkè, ibẹ̀ gan-an ló ti mí.

Mo délé, mo dojú kọ Dàpọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún Bàbá. Ẹ jẹ́ ká ṣe Àjíǹde tán. Èmi fúnra mi ni màá sọ fún wọn, màá sì bẹ̀ wọ́n." Mo ní ó dáa.

Ó dáa tí mo sọ yẹn, ọjọ́ mẹ́ta ló lò. Lọ́jọ́ kẹrin, mo gbé ẹ̀bà síwájú Bàbá, wọ́n ń jẹun, inú wọn dùn. Wọ́n ní, "Títí, Dàpọ̀ ni màá fi kúáyà yìí sílẹ̀ fún. Kò tún sí ẹlòmíì." Dàpọ̀! Èmi tí mo kọ́ ọ ńkọ́? Èmi tí mo ń kọ gbogbo nóòtì sílẹ̀, tí mo ń kọ ohùn áátò láti kékeré, wọn ò tiẹ̀ wojú mi. Mo ti máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé mi ò mọ ohun tó gbé mi dé ibẹ̀. Irọ́ ni. Mo mọ̀ ọ́n. Ìlara ni. Mo ní, "Bàbá, Dàpọ̀ tí ẹ ń sọ yìí, Múṣín ló ti ń kọrin, láàárín àwọn ọ̀mùtí. Ó ti wà nínú àwo." Òkèlè ọwọ́ wọn ò dé ẹnu. Wọ́n jù ú padà sínú abọ́.

Òfin kúáyà nígbà yẹn le. Akọrin tó bá kọrin ayé, wọ́n á bọ́ aṣọ lọ́rùn rẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ, wọ́n á fi í sábẹ́ ìbáwí. Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Bàbá dìde nídìí dùrù. Ọmọ wọn ni, wọn ò rán ẹlòmíì sí i. Dàpọ̀ gbé apá méjèèjì sókè kí wọ́n lè bọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń gbé e sókè fún mi nígbà tí mo bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́. Bàbá ju aṣọ náà lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní, "Lọ dà á nù." Dàpọ̀ wò mí. Kò bú mi o. Ó kàn ní, "Àǹtí mi, ẹ ṣé." Ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, kò tún sun ilé wa mọ́.

Èmi náà ò da aṣọ nù. Ẹ mọ̀ mí, n kì í da aṣọ tó ṣì dára nù. Mo mú sísọ́ọ̀sì, mo gé apá funfun rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, mo fi ṣe dọ́sítà fún kíláàsì mi ní Ìjọrà. Ojoojúmọ́ layé ni mo ń fi aṣọ àbúrò mi nu pátákó. Inú ń bí mi sí i pé ó jẹ́ kí n ṣe ohun tí mo ṣe. Ṣé irú ìyẹn yé yín? Ẹ ṣẹ èèyàn, kẹ́ ẹ wá máa bínú sí i. Kó má yé yín ló dáa.

Ó lé lọ́dún kan. Ọkùnrin rìbìtì kan wá bá mi ní ilé ìwé, ó fi téèpù aránṣọ kọ́rùn. Òun ni olórí Ìrì Òwúrọ̀, Ràṣídì, tí Dàpọ̀ àtàwọn yòókù ń pè ní Bọ̀dá Ràṣídì. Iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe ní Múṣín, inú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò, ibẹ̀ ni Dàpọ̀ sì ń gbé. Ó ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Dàpọ̀ wà ní ọsibítù. Ibà pọ́njú ni. À ń pààrọ̀ ara wa lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ló ń bèèrè."

Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ. Mo ní, "Ṣebí orin ló ní òun fẹ́? Ẹ ní kó kọ ọ́ fún ibà náà, á lọ."

Ọkùnrin náà wò mí. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà." Ó yí padà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Dàpọ̀ fi dùbúlẹ̀. Bọ́ọ̀sì tí mo ń wọ̀ lọ síṣẹ́, Costain ló ń gbà, ẹni tó bá sọ̀ níbẹ̀, kò ní rìn jìnnà tó fi máa dé ọsibítù náà. Lọ́jọ́ kan mo tiẹ̀ dìde. Kọ́ńdọ́ bọ́ọ̀sì náà ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ń bọ́ọ́lẹ̀?" Mo wò ó. Mo ní rárá. Mo jókòó padà. Rárá yẹn, títí dòní, bí mo bá gba Costain kọjá, mo máa ń gbọ́ ọ.

Nígbà kejì, ilé wa ní Yábà ni Ràṣídì wá. Kò wọlé. Ó ní, "Tíṣà, Dàpọ̀ ti lọ." Bàbá wà ní yàrá, wọ́n gbọ́, wọn ò jáde. Àlùfáà wa sì ti ránṣẹ́ pé ẹni tó kú sábẹ́ ìbáwí, òkú rẹ̀ ò ní wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ràṣídì ní, "A ti gbọ́. A ti gba ilẹ̀ ní itẹ́ òkú ìjọba, ọ̀la la máa sin ín. Nǹkan kan ló ní ká bá òun gbà lọ́wọ́ yín. Aṣọ akọrin òun. Ó ní aṣọ tí Àǹtí òun rán, òun ni kí wọ́n wọ̀ fún òun."

Yéè! Mo wọlé. Mo gbé báàgì ilé ìwé mi. Dọ́sítà kan ṣoṣo ló kù, àwọn tó kù ti gbó. Mo nà án sí i. Ẹfun dà sí i lára bùbá. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ náà wá yé e. Mo rò pé ó máa ṣépè fún mi. Ó kàn ní, "Ẹ wé gèlè yín. Ẹ̀yin lẹ mọ bí aṣọ náà ṣe rí. Ẹ wá sọ fún mi."

Ó ra aṣọ dúdú àti funfun ní Tejúoṣó lójú ọ̀nà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa wọ ṣọ́ọ̀bù náà. Ìgò ọtí ni mo rò pé mo máa bá. Èèyàn mẹ́wàá ni mo bá, wọ́n fi gìtá kọ́ ara ògiri, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Abẹ́rẹ́ ni kálukú wọn mú. Ọmọkùnrin tó ń fun fèrè ń ṣẹ́tí aṣọ. Ràṣídì tẹ́ dọ́sítà yẹn sórí tábìlì, àṣé apá ọrùn ni, plíìtì mẹ́ta ṣì wà lára rẹ̀. Ó ń wò ó, ó ń rán.

"Plíìtì mélòó, Tíṣà?"

"Mẹ́jọ."

"Apá ńkọ́? Ṣé ó fẹ̀?"

"Ó fẹ̀."

Ó dá ẹ̀rọ dúró. "Mùsùlùmí ni mí o. Ṣé kò ní jẹ́ èèwọ̀ fún un?"

Ìgbà yẹn ni mo tó sunkún. Mi ò tíì sunkún látàárọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ẹlẹ́gbè ló dì mí mú. Òun ló sọ fún mi pé gbogbo àárọ̀ Sọ́ńdè, nígbà tí àwọn bá ṣì ń sùn, Dàpọ̀ á wẹ̀, á jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, á kọ orin ìsìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun nìkan. Mo bi í pé kí ló sọ fún wọn nípa mi. Ó ní, "Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ́ òun lórin. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Lọ́jọ́ kejì, a sin ín. Bàbá ò wá. Nígbà tí wọ́n gbé e sílẹ̀, nínú aṣọ tuntun yẹn, Ìrì Òwúrọ̀ bẹ̀rẹ̀ orin ìsìn kan, láìsí gìtá, láìsí fèrè. Àwọn tí mo pè ní ọ̀mùtí! Dàpọ̀ ti kọ́ gbogbo wọn ní dò-rè-mí. Ohùn òkè wà níbẹ̀, áátò wà níbẹ̀, básì wà nísàlẹ̀. Mo wá tẹ́nọ̀, mi ò rí i. Akọrin ni mí, etí mi ò lè ṣì í. Wọ́n kọ ọ́ dé ẹsẹ ìkẹyìn, àyè náà ṣófo. Mo wo Ràṣídì. Ó ní, "A ò fi ẹnikẹ́ni sí i, Tíṣà. Àyè rẹ̀ ni."

Láti itẹ́ òkú, Tejúoṣó ni mo gbà lọ, mo ra àwo wọn. Mo fi í sẹ́rọ nílé, mo ní bí Bàbá bá máa fọ́ ọ mọ́ mi lórí, kí wọ́n fọ́ ọ. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá títí tó fi tán. Wọ́n ní, "Ó mí síbi tó yẹ." Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọn ò dárúkọ rẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú.

Nítorí ohùn Dàpọ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ àwo náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, mo wá ń gbọ́ gìtá yẹn, mo wá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ, ọ̀rọ̀ ẹni tébi ń pa tó ṣì ń kí aládùúgbò. Orin gidi ni. Ó bá nóòtì mu, ó sì dùn. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ni mo fi ń lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù Ràṣídì, títí òun náà fi kú, tí kálukú wọn fi tú ká.

Ẹ wá wo ayé lónìí. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà! Gìtá ńkọ́, ìlù ńkọ́, àwọn kúáyà ń jó lójú pẹpẹ. Lóṣù tó kọjá, wọ́n fẹ́ wọ aṣọ akọrin fún ọmọkùnrin tó ń ta gìtá. Wọ́n ní èmi ni mo dàgbà jù nínú kúáyà, kí n wá wọ̀ ọ́ fún un. Ọmọ náà gbé apá méjèèjì sókè. Mo gbé aṣọ náà padà sílẹ̀, mi ò lè ṣe é. Wọ́n ní ọjọ́ orí ni, wọ́n yára gbé àga fún mi. Mo jókòó, mo ń bi ara mi: òfin wo la wá ń pa mọ́ nígbà yẹn? Ta ló gbé òfin náà lọ?

Ẹ̀yin ọmọ, mi ò ní ìmọ̀ràn púpọ̀. Bí ọmọ ìyá yín bá ní ẹ má tíì sọ, ẹ jẹ́ ká ṣe Àjíǹde tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó ṣe Àjíǹde tán. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù nígbà yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì…

Tọ́pẹ́, dìde, bá mi yí àwo yẹn padà. Ojú kejì ni orin Dàpọ̀ wà.