Ojú Ìbọn Olúbọ̀dé Wà Lọ́wọ́ Mi

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ ayìnbọn wa, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù nínú mi. N kò ní jẹ́ kí Olúbọ̀dé wọ bàálù lọ sílé kí ó tó gbọ́ ọ. Èmi Oyèbánjí ni mo ṣẹ̀.

Ilé ẹrù kan náà ni èmi àti òun ti jọ ṣiṣẹ́ ní River Road nílùú òyìnbó níbí, ṣùgbọ́n ìbọn ọmọdé àtijọ́ ló sọ wá dọ̀rẹ́: àwọn ìbọn kékeré tí òyìnbó ń rà fún ọmọ wọn láyé ọjọ́un, tí kì í gbà ju ọta kan lọ. Bí o bá yìn ín tán, wàá ṣí i, wàá ki òmíràn. Kì í ṣe ohun ìkánjú. Bí mo bá ń fi òróró nu igi ìbọn tèmi nílé ní Dagenham East, Àmọ̀kẹ́ ìyàwó mi á ní, "Baba, ẹ kúkú pọ̀n ọ́n."

Ọdún kẹsàn-án rèé tí Olúbọ̀dé mú tirẹ̀ wá, ìbọn kúkurú bí apá. Mo ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀pá rẹ̀: "Long Rifle." Mo ní, "Irọ́ rèé! Kí ló gùn lára èyí?" Olúbọ̀dé bú sẹ́rìn-ín. "Báńjí, orúkọ ọta nìyẹn, kì í ṣe ti ìbọn! Ẹni tó sá kúrò ní prámárì, ojú ẹ̀ ò lè là." Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi kì í gbàgbé.

Ìbọn ọ̀hún kò ní ojú, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí ènìyàn máa ń gbà wo ibi tó fẹ́ yìn. Etí bébà tí a ń yìnbọn sí nìkan ni ọta rẹ̀ ń bà. Lọ́dún kejì, mo rí irú irin náà gan-an níbi tí wọ́n ti ń ta ohun àtijọ́. Mo rà á. Mo ní lọ́kàn mi, "Ojú mi ò là, àbí? Tìbọn ẹ náà ò ní là."

Èyí tó burú jù rèé. Kò pẹ́ tí Olúbọ̀dé fi bá mi níbẹ̀. "Ọ̀rẹ́ mi, bá mi wá a, ojú tìẹ mú." Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń bá a tú irin kiri, irin tó ń wá sì ń gún mi nítan nínú àpò. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi bá a wá a. Tíì ló máa ń rà fún mi lórí ẹ̀! Ẹ ò rí ayé mi?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ní òun ń padà sí Ìjẹ̀bú, òun ò lè gbé ìbọn lọ. "Báńjí, ìwọ ni mo fún. Kọ̀wé sí ọlọ́pàá kí wọ́n fi kún ìwé àṣẹ ẹ. Ta ló bá mi wá ojú ẹ̀ bí ìwọ?" Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo yọ irin náà níbi tí mo fi pamọ́ sí.

Olúbọ̀dé, irin náà rèé nínú àpò ìwé yìí. Fi ọwọ́ ara rẹ dè é mọ́ ìbọn ní Sátidé, kí o yìn ín dáadáa lẹ́ẹ̀kan kí o tó lọ. Lẹ́yìn náà, fi ìbọn náà fún ẹni tó bá wù ọ́. Jọ̀ọ́, foríjì mí. Bí o bá sì fẹ́ bú mi, bú mi níwájú gbogbo wọn. Màá dúró gbọ́ ọ tán.