Ọrún Òní Tí Mo Kọ Ránṣẹ́ sí Ìbídùn

Ọmọlará, má tíì gba ìwé ẹgbẹ́ yẹn lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin aránṣọ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jókòó ná. Ẹ ní kí n fa iṣẹ́ alága lé ọmọ yìí lọ́wọ́ nítorí ohun tí dókítà sọ nípa àìsàn mi, láti àárọ̀ lẹ sì ti ń yìn mí pé Péjú kì í purọ́. Ìyìn yẹn ń gún mi lára. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Tèmi ti lò ju ogójì ọdún lọ ní Onitsha yìí, n kò sì ní gbé e wọ sàréè.

Ọdún kẹrin lẹ́yìn ogun ni. Owó epo ti ń wọlé, wọ́n ń fi sìmẹ́ńtì dí ihò ọta ìbọn lára ilé, wọ́n sì ń gbéyàwó lójoojúmọ́. Aṣọ ìyàwó fẹ́ pa wá. Ọ̀gá wa, Ìyá Rosaline, ará Ìjẹ̀bú, wá ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì sí Nkpor. Ìbídùn tó jẹ́ olórí àwa aránṣọ ló rán lọ síbẹ̀, ó sì fi èmi sípò rẹ̀. Ọdún méje ni mo fi ju Ìbídùn lọ, síbẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń ránṣọ láti ọjọ́ tí mo ti Ọ̀yọ́ dé. Ẹ mọ bí irú ẹ̀ ṣe ń rí lára àgbà. Kò sì rí mi fín rí o, Àǹtí Péjú ló ń pè mí.

Ọjọ́ tó ń lọ, ó ní ká máa kọ̀wé síra wa, pé ohun tí kò bá yé mi nínú iṣẹ́ tuntun yìí, kí n bi òun, òun náà á máa bi mí. Ṣàfíù tó ń wakọ̀ lọ sí Nkpor ló ń bá wa mú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tínú rẹ̀ kò mọ́, oore gan-an ló ń fura sí. Bí Ìbídùn bá kọ̀wé pé ṣé mo ti fi epo sí máṣíìnì, mo ní ó ń ṣọ́ mi ni. Bí kò bá kọ̀wé, ìyẹn tún burú jù: kí ló ń fi pamọ́ fún mi? Ṣàfíù sọ lọ́jọ́ kan pé òun bá Ìbídùn àti ọ̀gá tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín ní Nkpor. Mo ní ó parí, èmi ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín. Orí mi dàrú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìdajì ìdajì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn.

Ohun kan wà tí mo mọ̀ nípa rẹ̀. Onitsha ni wọ́n bí i sí. Yorùbá rẹ̀ dán, àmọ́ bí àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Ìgbò ṣe ń ka ọjọ́ ló ń kà á. Bí àwa bá ní ọrún òní, a ti ka òní mọ́ ọn: bí òní bá jẹ́ Mọ́ńdè, Fúráìdeè ni. Ìbídùn á fo òní, á bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la, á bọ́ sí Sátidé. Ó ti ṣì í bẹ́ẹ̀ rí, a rẹ́rìn-ín títí, òun náà rẹ́rìn-ín, ló bá ní ká jọ̀ọ́, orúkọ ọjọ́ ni ká máa pè fún òun.

Mọ́ńdè kan, ìyá ìyàwó kan wá bá mi láti Nkwelle Ezunaka. Aṣọ ọmọ rẹ̀ wà ní Nkpor lọ́wọ́ Ìbídùn. Ó ní fáda ń rìnrìn àjò, ìgbéyàwó ti bọ́ sí Sátidé yìí, ọ̀sán Fúráìdeè lòun máa kó aṣọ, kí n tètè jẹ́ kí Ìbídùn gbọ́. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo mú bírò, ọwọ́ mi fẹ́ kọ Fúráìdeè, mo dá a dúró. Mo kọ ọ́ pé, "Ọrún òní ni wọ́n ń bọ̀ wá kó aṣọ ìyàwó." Mi ò dárúkọ ọjọ́. Ẹ má sọ pé èṣù ni, ọwọ́ mi ni.

Ká ní mo dúró níbẹ̀, bóyá ì bá sàn. Lọ́jọ́ kejì ni ìwé rẹ̀ dé: "Àǹtí Péjú, ọjọ́ wo gan-an? Ẹ bá mi pe orúkọ rẹ̀." Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ṣí áyọ́ọ̀nù eléèédú, mo jù ú sínú iná, mo sì fi áyọ́ọ̀nù yẹn lọ aṣọ oníbàárà. Mo ní kí Ṣàfíù sọ pé kò sí èsì.

Ní Fúráìdeè, Ìbídùn tó ti ka ọrún òní sí Sátidé sọdá sí Asaba lọ ra léèsì ọrùn aṣọ. Obìnrin náà bá ilẹ̀kùn ní títì. Nígbà tí Ìbídùn fi máa dé, apá kò tíì sí lára aṣọ. Ó bẹ̀ ẹ́ pé òun á rán an mọ́jú, kò gbà. Aṣọ àyálò ni ọmọ rẹ̀ fi wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìyá Rosaline pe àwa méjèèjì. Ìbídùn ní òun kọ̀wé bèèrè ọjọ́. Mo ní mi ò rí ìwé kankan. Ṣàfíù ní kò fún òun níwèé. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti kú báyìí, kí Ọlọ́run forí jì í. Mo wá la ẹnu burúkú mi, mo ní, "Ọ̀gá, Yorùbá ni mo kọ. Bí ọmọ Yorùbá kò bá gbọ́ ọrún òní, ṣé èmi ni kí ẹ bi? Àbí Ìgbò lẹ fi ṣe olórí wa?" Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa á. Ọ̀gá ní kó kó ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìbídùn kò sunkún. Ó kàn wò mí, ó ní, "Àǹtí Péjú, èmi ni mo bẹ ọ̀gá kí wọ́n fi yín sípò mi."

Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá, mo rí i ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní Nkpor, ó ń tún etí ṣòkòtò ṣe, ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó tì í. Mo kí i. Ó fi Ìgbò dá mi lóhùn pé òun kò gbọ́ Yorùbá. Mo yíjú sí ọmọ, mo kí i, ọmọ náà ń wo ẹnu mi ni, kò mọ ohun tí mo sọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lójú pópó, mo sì tún bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀, mo lọ sílé. Ojo ni mí.

Ọmọlará, bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, dá a lóhùn. Ẹ̀yin tó kù, ẹsẹ̀ mi ò lè gbé mi dé Nkpor mọ́. Ẹ bá mi wá Ìbídùn lọ. Bó bá ní Ìgbò lòun fẹ́ gbọ́, ẹ fi Ìgbò sọ ọ́ fún un níwájú ọmọ rẹ̀. Ẹ ní mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Ẹ ní ó gbọ́ Yorùbá, èmi ni mo purọ́.