Awọ Mágéè Tí Crescencio Gbìn

Má gbé àga fún mi, Hermelinda, n kò wá jókòó. Tẹ́ ọmọ yẹn sílẹ̀ kó sùn, kí o dá mi lóhùn: ta ló bó awọ ojú ewé mágéè mi? Àbí ewúrẹ́ ló mú ọ̀bẹ?

Kí lo wí? Ewé lásán? Háà, Wúńdíá mímọ́, ẹ gbọ́ o! Mágéè, igi ọlọ́tí tí ọkọ mi gbìn sí ààlà oko kó tó kú, tí mò ń ro ìdí rẹ̀, tí ẹ̀gún rẹ̀ ń gún mi lọ́dọọdún, tó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ tó dá bí ọ̀pẹ ẹlẹ́mu, tí ọ̀mùnú àárín rẹ̀ ti tín-ín-rín, tí mo ní n ó gé e lọ́sẹ̀ yìí kó má baà tanná, kí oje ọtí máa sun níbẹ̀, òun lò ń pè ní ewé lásán?

O kúkú mọ ẹni tó ni ife ọtí àkọ́kọ́ tó bá sun. Ìwọ náà wà níbẹ̀ nígbà tí Crescencio ń kú lọ, tó ní òun kò ní mu nínú rẹ̀. Mo ní yóò mu ún. Mo ní lọ́jọ́ ọdún tí àwọn òkú bá wálé, yóò bá a lórí tábìlì. Mo búra fún un! Ó ti ń gbẹ báyìí. Èyí tí a bó láwọ, oje wo ló kù lára rẹ̀?

Má dárúkọ olè kankan fún mi. Níbí yìí ni mo jókòó sí lọ́jọ́ ìsàmì ọmọ rẹ, tí o gbé ẹran àgùntàn tí o fi awọ ewé dì sè wá. Mo jẹ ẹ́, ó dùn, ojú kò tì mí, mo tún ní kí o fún mi sí i. Ìdì kejì ló ń jò sí mi nítan. Mo wo ojú ihò tó ń jò lára awọ náà, àgbélébùú ni. Àgbélébùú tí ọkọ mi fi ọ̀bẹ fín sára ewé rẹ̀! Mo jẹ ìpín òkú ọkọ mi, Hermelinda, mo sì lá ọwọ́.

Má sunkún. Ṣé o kò lè bèèrè ni? Ewé ìsàlẹ̀ àwọn tó ti gbó, ṣé n bá fi dù ọ́?

Ọmọ mágéè wà ní ìdí ìyá rẹ̀ tó ń gbẹ yẹn. Gbé ọkọ́. Ìwọ ni yóò wú wọn, ìwọ ni yóò gbìn wọ́n, lójú mi. Nígbà tí wọ́n bá fi máa tó dá, èmi á ti bá Crescencio lọ. Ọmọ tó sùn yìí ni yóò dá wọn, kó gbé ife kan fún Crescencio, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, kó gbé èkejì fún mi. Bó bá bi ọ́ léèrè ìdí rẹ̀, sọ ọ́ fún un bó ti rí. Bí o kò bá sọ ọ́, lọ́jọ́ tí àwa òkú bá wálé, èmi fúnra mi ni n ó jókòó tì í nídìí tábìlì yìí, n ó sì sọ ọ́.

Ọkọ́ dà?