Ọ̀rọ̀ Tí Mo Sọ fún Fọlákẹ́ Nínú Takisí

Ìyàwó mi lóyún oṣù mẹ́rin, ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́. Ìyá àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló kí mi kú oríire lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti mọ̀ tipẹ́. Nígbà tí a délé, mo bi Fọlákẹ́ pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ń ká aṣọ, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, “Mò ń dúró kó di ènìyàn ná ni.” Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sí i lẹ́nu!

Olùkọ́ ni mí ní yunifásítì kan níbí ní Kumasi. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo bí ọmọ adìyẹ ṣe ń di odidi nínú ẹyin. Mo máa ń lu ihò kékeré sára èèpo rẹ̀, kí n lè máa wo inú. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ẹ óò rí ohun pupa kan, bí orí abẹ́rẹ́, tó ń lù kì, kì, kì. Ọkàn nìyẹn! Kò sú mi wò rí. Fọlákẹ́, tó ń ránṣọ ní àdúgbò Alabar, a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹyin ni ìyáálé òun.

Lọ́dún tó kọjá, iná lọ fún ọjọ́ méjì, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, gbogbo ẹyin tó wà nínú ẹ̀rọ tó ń mú wọn móoru sì kú. Iṣẹ́ oṣù mẹ́fà! Mo délé, mo sunkún bí ọmọdé. Fọlákẹ́ jókòó tì mí, ó ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn, ó ń wí pé, “Due, due,” bí àwọn ará Kumasi ṣe ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni oyún ọ̀sẹ̀ méje bàjẹ́ lára rẹ̀, oyún tí a ti fi ọdún márùn-ún retí. A wọ takisí láti ọsibítù, ó ń sunkún jẹ́jẹ́. Mo rò pé mò ń tù ú nínú ni. Mo ní, “Má pa ara rẹ. Kò tíì ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Kò tíì di ènìyàn.”

Ẹkún rẹ̀ dá wáí. Ó wò mí. “Ẹyin adìyẹ ńkọ́? Ṣé ènìyàn ni wọ́n, tí ẹ fi sunkún lórí wọn?”

Awakọ̀ tí kò gbọ́ Yorùbá rárá wò ó nínú dígí, ó ní, “Maame, due.” Ẹni tí kò mọ̀ wá rí mọ ohun tó yẹ kó sọ, èmi ọkọ kò mọ̀ ọ́n!

Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní kò sí nǹkan kan. Ó ń gbọ́únjẹ fún mi, ó ń kí mi, a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ ohun tó bá kan ara rẹ̀, ìyá rẹ̀ tó ń gbé ní àdúgbò Sawaba níbí ló ń sọ ọ́ fún. Lánàá ni wọ́n jọ lọ fún àyẹ̀wò. Mo ní kí n sìn wọ́n, ó ní kí n má ṣèyọnu, pé iṣẹ́ ń dúró dè mí. Mo mọ ọjọ́ tí ìka ẹsẹ̀ òròmọdìyẹ ń là, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bóyá ọmọ mi ti ń yí nínú ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣẹ aya yín rí, kí ni ẹ sọ, tó tún fi ń sọ tinú rẹ̀ fún yín?