Mo Fi Iṣẹ́ Ìyàwó Mi Ṣe Sàárà fún Olè

Bí ẹ bá rí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń fi agbádá gbálẹ̀, ẹ má yára dọ̀bálẹ̀. Èmi dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀kan. Láti ìgbà náà, mi ò lè wo ara mi nínú díńgí kí n má pòṣé.

Fóònù ni mo ń tún ṣe ní Táíwò Road; iléèwé gírámà ni ìwé mi mọ. Olùkọ́ yunifásítì ni ìyàwó mi. Ọgbọ́n àtọwọ́dá inú kọ̀ǹpútà ló ń ṣèwádìí lé lórí, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù yóò ṣe dá ohùn gbájúẹ̀ mọ̀ kó tó lu èèyàn ní jìbìtì. Ọdún mẹ́fà ló fi ṣe é. Ọ̀gá rẹ̀, ọkùnrin tí kò lè tan kọ̀ǹpútà láìpe akọ̀wé, ní eré ọmọdé ni. Àìsàn ọjọ́ mẹ́rin ló mú ìyàwó mi lọ.

Ní àdúà ọjọ́ kẹjọ, à ń pín ẹrù rẹ̀ ṣe sàárà bí a ti máa ń ṣe: aṣọ, bàtà, tẹ̀sùbáà. Ọ̀gá yìí dé, ó sunkún ju èmi ọkọ lọ! Ó ní, "Bàbá Nímọ́tà, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi ṣe sàárà fún wa níbi iṣẹ́, kí láádá rẹ̀ lè máa bá a." Mo gbé e fún un, tòun ti iṣẹ́ ọdún mẹ́fà tó wà nínú rẹ̀. Mo tún dọ̀bálẹ̀. Òmùgọ̀!

Kò pé ọdún tó pè mí síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ńlá kan. Mo rò pé wọ́n fẹ́ yẹ́ olóògbé sí ni. Ó ní òun nìkan lòun dá iṣẹ́ náà ṣe. Ó wá tẹ ohùn gbájúẹ̀ kan fún wa gbọ́: "Màdámù, láti báńkì yín ni. Ẹ ka nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì yín fún mi." Ohùn mi ni! Ìyàwó mi ló ní kí n ṣe bíi gbájúẹ̀ fún ìwádìí rẹ̀, tó gbà á sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, tó ń fi mí rẹ́rìn-ín pé mi ò lè jalè jẹun láé. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Èyí jẹ tán, wọ́n tún ń bá a ru igbá.

Mo pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, orúkọ ìyàwó mi dà? Ó gbá mi léjìká pẹ́pẹ́: "Bàbá Nímọ́tà, sàárà kì í padà sílé. Ẹ lọ tún fóònù yín ṣe."

Àwọn ẹbí ní kí n fi sílẹ̀, pé ẹni tó gba sàárà padà dà bí ajá tó padà jẹ èébì rẹ̀. Mo gbà, kó máa lo kọ̀ǹpútà náà títí tí yóò fi bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àlùfáà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé mo fi orúkọ òkú náà ṣe sàárà ni?