Amọ́kàntutù

Ẹgbẹ̀rún méje èèyàn ni mo ti fi ọ̀rọ̀ ẹnu wò sàn. Òkú méjì wà nínú wọn, ọ̀kan tiẹ̀ padà wá dúpẹ́. Ohun tí mo máa ń sọ nìyẹn fún gbogbo ẹni tí ẹ̀dùn ọkàn bá gbé wá sí yàrá mi. Ṣùgbọ́n òótọ́ ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja, ó gbọ́dọ̀ jáde kó tó pa mí: n ò kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn rí. Ẹ̀rọ amúlétutù ni mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ṣe. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, olùkọ́ ló sì bẹ̀ mí pé kí n má padà wá. Ìwé ẹ̀rí tí ọ̀gá mi fún mi ni mo gbé kọ́ ògiri. 'Amúlétutù' ló wà níbẹ̀. Mo gé bébà pélébé, mo kọ 'ọ́kàn' sí i, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín ọ̀rọ̀ náà, ó di 'Amọ́kàntutù'. Ó dùn mọ́ mi bíi kí n fẹnu ko ara mi lẹ́nu.

Màmá kan wá. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ti kú. Ó wọlé, kò tilẹ̀kùn. Kò tíì jókòó tó fi ní, "Dókítà, ẹ má bínú o. Níbo lẹ ti kọ́ṣẹ́? Ẹ ti tọ́jú irú mi rí?" Ojú ọ̀nà òótọ́ là gbọọrọ níwájú mi, mo yà bàrá. Mo ní, "Màmá, òkè òkun méje ni mo ti kàwé. Àwọn tó kọ́ mi gan-an, èmi ni wọ́n ń sunkún tọ̀ wá." Irọ́ ọjọ́ náà, ọkọ̀ ojú irin mẹ́ta ò lè kó o.

Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Mo fẹ́ mọ̀ ni, torí ohun tẹ́ ẹ bá ní kí n ṣe ni màá ṣe." Ó yọ fóònù. Ohùn ọmọ náà wà níbẹ̀, kò gùn ju kéèyàn mí lẹ́ẹ̀mẹta lọ: "Màámi, mo ti ń bọ̀, ẹ má tilẹ̀kùn." Ó ní òun ń gbọ́ ọ títí ìkòkò fi ń jóná lórí iná. Àbúrò òun ní kí òun pa á rẹ́, òun ò gbà. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, kí lẹ rí sí i?"

Ọ̀rẹ́ mi télọ̀ wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Ibẹ̀ ló ti máa ń gbọ́ ẹkún àwọn èèyàn, tí wọ́n bá lọ tán, a ó jọ máa sín wọn jẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ló ní, "Wọn ò lè ṣe gbogbo ohun tó o bá ní kí wọ́n ṣe." Mo ní, "Wá wò." Ẹ má wí àwáwí fún mi. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ìkà lórúkọ rẹ̀.

Mo gbójú sókè bí ẹni ń gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ àjà. "Ẹ pa á rẹ́. Nísinsìnyí." Ó gbá fóònù mọ́ àyà. "Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn?" Mo ní, "Nínú ẹgbẹ̀rún méje, kò sẹ́ni tó rí ọ̀nà mìíràn." Ó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé fóònù sétí, ó ń retí. Télọ̀ ki kọ́tìnì bọ ẹnu kí ẹ̀rín má baà jáde.

Àfi bí ẹ̀rọ amúlétutù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jò sára ògiri tí ìwé ẹ̀rí wà. Ọwọ́ mi ò dúró gbàṣẹ. Mo ti gun àga, mo tú ìdí ẹ̀rọ, mo yọ páìpù, mo fẹnu fẹ́ ẹ, mo dá a padà, ká tó ṣẹ́jú pẹ́. Ìgbà tí màá fi bọ́ sílẹ̀, Màmá ti wà níwájú ìwé ẹ̀rí. Bébà mi ń yọ̀ lọ sílẹ̀ nínú omi bí ìgbín. Ó kà á sókè: "A-mú-lé-tutù." Ó wo ọwọ́ mi tó dúdú fún ìdọ̀tí ẹ̀rọ. Látìgbà tó ti wọlé, 'ẹ' ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó na fóònù sí mi. "Ìwọ lo mọ nǹkan tún ṣe. Bá mi tún èyí ṣe."

Ẹ̀yin ọmọdé tẹ́ ẹ ń kà á, bí ẹnikẹ́ni bá bi yín níbi tẹ́ ẹ ti kọ́ṣẹ́, ẹ sọ ibẹ̀. Màmá, n ò ní ẹnu tí màá fi ní kẹ́ ẹ forí jì mí, ẹ gba ẹ̀bẹ̀ mi lọ́wọ́ ìwé yìí. Lọ́jọ́ náà, ilẹ̀kùn tí Màmá ò tì ṣí gbayawu lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n n ò lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ojú fèrèsé ni mo bẹ́ gbà, bàtà ẹsẹ̀ kan ló bá mi dé ìta.